Ẹ Má Ṣí Ilẹ̀kùn Dátábéèsì Yín fún Gbogbo Ayé

Okun o, ẹ̀yin ará. Tí ẹ kì í bá ṣe ará ìhà ibí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: "okun" náà la fi ń kí ara wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóko àti lọ́jà.

Kàbbà ni mo wà. Ìyá kan tó ń ra kajú ní Ìsánlú fẹ́ kí ọmọ òun máa rí ìwé ọjà lórí laptop: iye àpò tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó wá, èló la ti san, èló ló kù. Dátábéèsì MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí, lórí sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí mo háyà ní Jámánì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi mí: "Ọmọ mi, ṣé gbèsè àwọn èèyàn mi ò ní di ohun tí gbogbo ayé ń kà?" Ìdáhùn mi ni fídíò yìí.

Sáfà yẹn ní firewall. Ẹ rántí oníbodè ayé àtijọ́, ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ibodè ìlú, tó ń bi àlejò pé níbo lò ń lọ. Òun gan-an ni firewall. Àwọn ilẹ̀kùn tó ń ṣọ́ ni wọ́n ń pè ní port, nọ́ńbà la sì fi ń mọ̀ wọ́n. MySQL sábà máa ń wà ní 3306, PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, ní 5432. Oníbodè tiwa ti ti méjèèjì pa. 22 nìkan ló ṣí, ibẹ̀ sì ni SSH, ètò tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, ń gbà wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe, tí èmi náà ti ṣe rí, ni ká ní kí oníbodè ṣí 3306. Mo ṣí i lálẹ́, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo wo log, ìwé tí sáfà ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, àwọn àlejò tí n kò pè ti ń to ọ̀rọ̀ aṣínà wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórúkọ "root", ọ̀gá pátápátá nínú dátábéèsì. Ẹ̀rọ ni wọ́n, wọn kì í sùn; ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń kàn kiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dátábéèsì MongoDB tí àwọn tó ni wọ́n ṣí sílẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i ni àwọn olè pa rẹ́, wọ́n wá fi ìwé sílẹ̀ pé kí olóhun san Bitcoin. Ẹ fojú inú wo ìwé gbèsè kajú tó pòórá lójijì. Ta ló máa rántí pé òun jẹ Màmá lówó?

Ẹnì kan á ní, "Kí n ṣí i fún àdírẹ́ẹ̀sì tèmi nìkan ńkọ́?" Ìyẹn dáa fún ẹni tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ ọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n data fóònù là ń lò níbí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan, tó bá sì di ọ̀la, ó lè gbé yín sábẹ́ òmíràn. Ẹ ó ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ ó sì ti ara yín mọ́ta.

Ilẹ̀kùn 22 tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ la ó gbà. Tatu Ylönen, ará Finland, ló kọ SSH lọ́dún 1995, nígbà tí ẹnì kan ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀. Ohun tí SSH ń ṣe jọ àrokò: ìránṣẹ́ ń gbé e lọ láti ìlú dé ìlú, kò mọ ohun tó ń wí. Kìkì pé àgbàlagbà tó gbọ́n lè túmọ̀ àrokò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ti SSH kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, lórí laptop yín, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kọ́kọ́rọ́ tí SSH ó fi mọ̀ yín:

ssh-keygen -t ed25519

Méjì ló máa jáde. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pub ni kó lọ sórí sáfà. Èkejì kò gbọdọ̀ kúrò lórí laptop, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kódà sí èmi.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí. Nọ́ńbà sáfà tiyín ni kó wà ní ìparí, kí orúkọ tí ẹ fi ń wọ sáfà sì rọ́pò kaju:

ssh -N -L 3307:127.0.0.1:3306 kaju@203.0.113.10

Ibí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. 3307 jẹ́ ilẹ̀kùn tí a là sára laptop. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, SSH á dì í, á gbé e dé sáfà, á tú u, á wá gbé e lọ sí 127.0.0.1, ilẹ̀kùn 3306. 127.0.0.1 kò ju "níbí" lọ lédè kọ̀ǹpútà. Níbí, níbo? Ká ní mo gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì Kàbbà, tí mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "ẹni tó ni ín wà níbí". Tí awakọ̀ bá gba Mọ̀pà kọjá, tó dé Ìsánlú, tó wá ka ìwé yẹn, ibo ni "níbí"? Ìsánlú ni! Ibi tí wọ́n ti kà á ló ń sọ ọ́. Sáfà ló ń ka 127.0.0.1 tó wà láàárín àṣẹ wa, nítorí náà sáfà fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Lójú MySQL, inú ilé ni àlejò yìí ti wá, MySQL sì lè máa gbé láìgbọ́ ti ẹnikẹ́ni láti ìta.

Nígbà àkọ́kọ́, SSH á fi ìtẹ̀ka sáfà (fingerprint, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá a mọ̀) hàn yín, á sì bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má kàn tẹ "yes" bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ẹ gba ojú ìwé ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti háyà sáfà wọlé, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí níbẹ̀, kí ẹ sì fi ìtẹ̀ka méjèèjì wéra:

ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub

Tí ọ̀nà bá ti là, ẹ ṣí fèrèsé mìíràn:

mysql -h 127.0.0.1 -P 3307 -u kaju -p

Ẹ má kọ "localhost" síbẹ̀ o. Lórí Linux, tí MySQL bá rí "localhost", fáìlì socket, ọ̀nà inú ilé tó wà lórí laptop tí kì í gba port, ló ń lọ bá, kò tilẹ̀ wo 3307. Tí MySQL mìíràn bá wà lórí laptop yín, inú rẹ̀ lẹ ó bọ́ sí, ẹ ó wá máa wá kajú níbi tí kajú kò sí. Mo fi odindi ọ̀sán kan ṣòfò lórí èyí.

Tó bá jẹ́ pé dátábéèsì wà lórí ẹ̀rọ mìíràn lẹ́yìn sáfà, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ yẹn ni kó rọ́pò 127.0.0.1 àárín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ sáfà ni ìdìpọ̀ SSH ti ń tú. Ìrìn tó kù wà ní gbangba, àyàfi tí ẹ bá tan TLS, ìdìpọ̀ tí dátábéèsì náà ní fúnra rẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìsánlú a máa lọ, a sì máa bọ̀. Ẹ fi -o ServerAliveInterval=30 kún àṣẹ ssh yẹn, kí ọ̀nà má baà kú sílẹ̀ nítorí pé ẹ dákẹ́ díẹ̀. Tí iná bá lọ tí módẹ́ẹ̀mù kú, ẹ ó tún àṣẹ tẹ̀ ni, kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀.

Ẹ wá tan data fóònù mìíràn, kí ẹ so laptop mọ́ ọn, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn yín látìta bí olè:

nc -vz 203.0.113.10 3306

Tó bá ní wọ́n kọ̀ fún òun, tàbí tó dúró títí tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ẹ pe Màmá, ẹ ní kí ọmọ rẹ̀ máa bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.