Ṣé Ká Tún Mọ́tò Tó Ti Gbó Ṣe Ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni mo wà yìí, lọ́nà Ìta-Ọ̀ṣìn, níbí ní Abẹ́òkúta. Corolla tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn mi yẹn, tèmi ni. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣe é. Ó ti gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn lóru, ó sì ti kó ẹrù àdìrẹ láti Ìtòkú lọ sí Èkó láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló ń sọ fún mi pé, “Tà á jàre, mọ́tò yìí ti gbó.” Bóyá wọ́n ti sọ irú ẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò.

Ẹ wo ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Gbogbo kọ́bọ̀ tí mo ná sórí mọ́tò yẹn láàárín oṣù 12 ló wà níbẹ̀. Tí ẹ kò bá kọ tiyín sílẹ̀, ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì báńkì lórí fóònù yín, ẹ wá owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì, sí rìwáyà, sí àwọn tó ń ta páàtì. Ẹ kó o jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ owó ọ́ìlì kúrò, ẹ yọ táyà, bátìrì àti páàdì bíréèkì kúrò, torí mọ́tò tó jáde nílé iṣẹ́ lánàá náà yóò jẹ ìwọ̀nyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni owó tí ogbó mọ́tò ń gbà lọ́wọ́ yín. Lọ́kàn tèmi, mo ti gbà pé tèmi á tó mílíọ̀nù kan. Nígbà tí mo rò ó tán, 400,000 náírà ló jẹ́. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí àyà mi fi ń já.

Àwọn kan ní tí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì iye tí wọ́n lè ra mọ́tò náà, kéèyàn jọ̀wọ́ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Ohun tó yẹ ká wò ni iye tí a máa fi lé e kí òmíràn tó dé ọwọ́ wa. Ká ní ẹ ta tiyín ní mílíọ̀nù 2, tí èyí tí ẹ fẹ́ rà sì jẹ́ mílíọ̀nù 4 àtààbọ̀. Mílíọ̀nù 2 àtààbọ̀ ni ẹ máa wá kún un. Ẹ fi 400,000 pín in: àtúnṣe ọdún mẹ́fà àti díẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ẹ rà náà kò sì ní jókòó kó má bàjẹ́.

Kí ló dé tí àfikún yìí fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Dọ́là ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù náà sì ń tẹ̀ lé iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tòkunbọ̀ fò sókè, èyí tí a ń lò nílé náà sì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Nítorí náà, mọ́tò tó ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ ń jẹ yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sínú ìṣirò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ká mi lára jù nìyí. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ogbó, àbùlé àwọn tó tún un ṣe ṣáájú ni. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí, òkè lẹ́yìn òkè. Lọ́jọ́ kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú mi ní Láfẹ́nwá, ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn gun òkè bàámù. Mo pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n wọ́ mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò tíì tú nǹkan kan tó fi ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, kí n lọ wá owó ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù. Mo gbé e wá síbí. Ọ̀gá ibí dúró títí mọ́tò fi tutù, kó tó ṣí rédíétọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ṣí i nígbà tó bá gbóná, omi náà lè bó èèyàn lójú. Ó wo ọ́ìlì lára gééjì bóyá ó ti pò pọ̀ mọ́ omi, tí ó dà bíi tíì oní-mílíìkì. Ó mọ́. Ó tan mọ́tò, ó wò ó bóyá omi rédíétọ̀ ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀ bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń ti abẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, wọ inú omi. Kò hó. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì kò tíì lọ.

Kí ló wá rí? Ẹnì kan ti yọ tẹ́mósítààtì, ohun tó ń ṣàkóso bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe ń lọ sí rédíétọ̀, kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Tí tẹ́mósítààtì kò bá sí, ẹ́ńjìnnì kì í tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́, epo tó ń mu á pọ̀ sí i. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ń rọ sí i dípò kúláǹtì, omi àkànṣe tí kì í jẹ́ kí irin pẹtà; ìpẹtà sì ti dí rédíétọ̀. Fáànù nìkan tí wọ́n so ní dáírẹ́ẹ̀tì kó lè máa yí láìdúró ló ń gbìyànjú, wáyà rẹ̀ sì jó lọ́jọ́ yẹn. Rédíétọ̀, tẹ́mósítààtì, kúláǹtì, wáyà fáànù: ìdá kékeré ni owó wọn lára owó ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ tó sọ pé mọ́tò yín gbó, ẹ ní kí wọ́n tú àbùlé rẹ̀ wò.

Àìsàn kan wà ṣá tí mi ò ní bá yín dù ú. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ṣáásì, irin tó gbé mọ́tò ró, tàbí ibi tí ẹsẹ̀ mọ́tò so mọ́, ẹ tà á. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, jíjó tí wọ́n ń jó irin lé e kò dá mi lójú. Tí ẹ́ńjìnnì àti gíà bá jọ kú pọ̀, mo máa ní kí ẹ gbà fún Ọlọ́run.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ ra òmíràn, ẹ yọ owó kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ má kó gbogbo owó lé ọlọ́jà lọ́wọ́. Ẹ lọ wò ó láàárọ̀, kí wọ́n má tíì tan án. Èéfín tó dà bí aró lẹ́yìn títàn, ó ń jó ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì láti ìta gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Lára tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 3 ni 2003, 8 ni 2008, A ni 2010. Ọlọ́jà lè purọ́ ọdún, nọ́ńbà yẹn kì í purọ́. Mọ́tò ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ṣeé fi ẹ̀rọ sikáàn láti mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ san owó rẹ̀. Camry 2007 sí 2009, tí a ń pè ní Muscle, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, ẹ yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò dáadáa. Toyota fúnra rẹ̀ gbà láti tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe fún àwọn oníbàárà Amẹ́ríkà nítorí pé ó ń mu ọ́ìlì.

Tèmi ńkọ́? Ṣáásì rẹ̀ le, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já tí mo bá ń gun òkè Olúmọ. Màá pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀, màá sì fún un lóṣù mẹ́ta. Tí kò bá gbọ́, màá tà á nígbà tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹni tó fẹ́ rà á, torí mọ́tò tí wọ́n bá wọ́ dé ọjà, ẹni tó wá rà á ló ń dá iye fún un.