Ìró Tó Bá Ayé Victoria Mu: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹ̀rọ Àràmàǹdà fún Eré Àfetígbọ́

[Ìró: bíìp, bíìp-bíìp, bíìp.]

Ẹ gbọ́ ìyẹn? Nínú eré àfetígbọ́ kan, wọ́n ní wáyà (iṣẹ́ tí wọ́n ń fi àmì kúkúrú àti àmì gígùn rán gba inú okùn irin) ni wọ́n ń tẹ̀ láti London lọ sí Edinburgh, lọ́dún 1888. Irọ́ ni! Bíìp yẹn, ayé rédíò ló mú un wá, lẹ́yìn tí Victoria, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ti wàjà. Wáyà ìgbà náà kì í han bẹ́ẹ̀. Irin kékeré ló ń ta irin.

[Ìró: tá-kà. Tá… kà. Tá-kà.]

Bí tá àti kà bá sún mọ́ra, àmì kúkúrú nìyẹn. Bí wọ́n bá jìnnà síra díẹ̀, àmì gígùn ni. Ẹ fi ìdí ṣíbí ta agolo sadíìnì tó ti ṣófo, ó tó.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré àfetígbọ́ onísáyẹ́ǹsì, tó sì gbé e sí ayé Ọbabìnrin Victoria, 1837 sí 1901, ẹ̀rọ àràmàǹdà inú eré náà kọ́ ló máa kọ́kọ́ kó bá a. Olùgbọ́ ti ṣe tán láti gbà pé irin ń fò lọ sínú òṣùpá. Àwọn ìró kéékèèké tó yí irin náà ká ni kò gbọdọ̀ parọ́ fún un.

Ẹ wo Big Ben, agogo ńlá ìlú London, tí gbogbo ènìyàn máa ń sáré fi bẹ̀rẹ̀ eré. Ọdún 1859 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì pé oṣù mẹ́ta tó fi sán. Ó dákẹ́ títí di 1863. Bí ìtàn yín bá wáyé ní 1861, ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú, ẹ wá agogo mìíràn.

Ti ẹṣin kò le. Èèpo àgbọn méjì ni, kí ẹ ki àkísà sínú wọn kí wọ́n má baà dún bí agbè. Ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ èrò, ẹsẹ̀ méjì méjì ló ń balẹ̀ pa pọ̀, nítorí náà kò-kò-kò-kò ni, kó dọ́gba. Pà-ka-tà, pà-ka-tà tí ọ̀pọ̀ ń lù, ti ẹni tó ń sá fógun ni, kì í ṣe ti takisí. Pákó ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ òpópónà London nígbà náà. Níbẹ̀, ẹ lu èèpo náà sórí pákó, kó rọlẹ̀.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń ṣubú jù ni ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 1877, ìda sì ni wọ́n ń gbẹ́ ohùn sí nígbà tó yá. Kò sí maikirofóònù oníná nínú rẹ̀. Agbára ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ ìda. Tí òkú bá wá ń sọ àṣírí wúyẹ́wúyẹ́ láti inú ìda, kò ṣeé ṣe: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Kí òṣèré gbóhùn sókè, kó dojú kọ fèrè ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ohun tó wà lábẹ́ 250 Hz àti lókè 3,000 Hz kúrò (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí ẹ fi ìró tíì kan sí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ìda kan ń gbà, kí ọ̀rọ̀ òkú náà má gùn jù.

Ó wá ku ẹ̀rọ àràmàǹdà náà fúnra rẹ̀. Charles Babbage, onímọ̀ ìṣírò ará Gẹ̀ẹ́sì, yàwòrán ẹ̀rọ ìṣírò onídẹ ṣáájú 1850, kò rí i kọ́. Science Museum ní London ló fi àwòrán yẹn kọ́ ọ, apá tó ń ṣírò sì parí ní 1991. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi yí i, kò lo iná rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kí tiyín dún: eyín irin lórí eyín irin.

Ẹ mú ẹ̀rọ ìlọta ọlọ́wọ́, ẹ yí i lófìfo, kí ẹ gbà á sílẹ̀ ní 96 kHz, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń ka ìró náà ní ìgbà 96,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì.

[Ìró: ẹ̀rọ ìlọta, lẹ́yìn náà, ìró kan náà, ó wúwo bí ilé.]

Kí ohùn rẹ̀ náà lọ sílẹ̀ pẹ̀lú eré rẹ̀ o. Tí kọ̀ǹpútà bá fà á gùn tí kò jẹ́ kí ohùn sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta tó ń sùn lẹ ó gbọ́. Tó bá sì jẹ́ 48 kHz lẹ fi gbà á, òkè ohùn rẹ̀ á kú.

Ẹ da ìdì kọ́kọ́rọ́ sínú àwo onígi fún ìró kejì tí ẹ ó tò lé ti ìlọta. Ooru kẹ́tùlù ni ìkẹta, maikirofóònù ní ẹ̀gbẹ́, kó jìnnà tó 30 cm. Tó bá dojú kọ ẹnu kẹ́tùlù, á rin, á sì máa dún bùù-bùù.

Kí ẹ tó gba ohunkóhun, ẹ yọ fíríìjì, ẹ pa fáànù. Hùùù 50 Hz yẹn kò sí nínú ilé tó ń tan iná gáàsì.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù lásán. Bí ẹ̀rọ ńlá yín bá pòórá, ìsàlẹ̀ ohùn nìkan lẹ kó sí i. Ẹ da ìró ìlọta àkọ́kọ́, èyí tí ẹ kò tíì dín eré rẹ̀ kù, mọ́ ọn lábẹ́, kó rọra máa dún.