Ojú Ni Alhaji Béèrè, Ọwọ́ Ni Mo Fún Un: Bá A Ṣe Lè Máa Ṣọ́ Ẹ̀rọ Iléeṣẹ́ Láti Ilé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ sì kú ooru. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tẹkiníṣíàn àtàwọn tó ní iléeṣẹ́ kéékèèké sọ ní Tanke lọ́jọ́ Sátidé nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síta, mo wá kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ẹ má bínú bó bá rí wúruwùru.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Iléeṣẹ́ pure water kan wà lọ́nà Ajàṣẹ́ tí mo ń bá tún ẹ̀rọ ṣe, Alhaji tó ni ín ò gbé nítòsí ibẹ̀, Adéwọ́lé nílé ẹ̀ wà, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sì ti parọ́ fún un títí ó ti sú u: wọ́n á ní iná ò sí, iná á wà, wọ́n á ní táńkì ti kún, táńkì á gbẹ táútáú. Ó ní òun kàn fẹ́ máa rí i lórí fóònù òun ni, bí omi ṣe tó nínú táńkì, bóyá pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́ àbí ó ti dákẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra rọ́ọ́tà 4G, mo tún sanwó lé owó síìmù kí wọ́n lè fún wa ní àdírẹ́ẹ̀sì tí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì lè rí, mo wá ṣí pọ́ọ̀tù 502, ìyẹn ilẹ̀kùn tí àṣẹ ń gbà wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sílẹ̀ gbayawu sójú PLC, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ fún pọ́ńpù ìgbà tó máa tan àti ìgbà tó máa kú. Ọjọ́ náà gan-an ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí fóònù Alhaji. Inú ẹ̀ dùn débi pé báàgì omi márùn-ún ló ní kí wọ́n bá mi kó sínú ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, aago mẹ́rin òru, ọlọ́dẹ pè mí pé omi ti ń ya wọ oko àgbàdo aládùúgbò, pọ́ńpù ò sì kú. Mo débẹ̀, mo so laptop mọ́ PLC. Ibi tí mo kọ 280 sí, ìyẹn iye sẹ̀ǹtímítà tómi bá ti dé tí pọ́ńpù gbọ́dọ̀ kú, 65535 ni mo bá níbẹ̀. Kómi tó lè ga tó 65535 sẹ̀ǹtímítà, táńkì Alhaji gbọ́dọ̀ ga ju mítà 655 lọ, táńkì wo ló ga tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kwara? Pọ́ńpù á máa fa omi lọ ni títí iná á fi lọ.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ti mọ ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá. Nínú Modbus, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń bá PLC sọ̀rọ̀, àyè kan tí wọ́n fi ń pa nọ́ńbà mọ́ ò lè gbà ju 65535 lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ Alhaji rí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi ni, ó kàn kó nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè wọ ibẹ̀ sí i, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ó lè má jẹ́ èèyàn gan-an, ó lè jẹ́ sọ́fítíwià tó ń kiri fúnra ẹ̀. Ká ní mo ti so float switch kan ṣoṣo mọ́ wáyà pọ́ńpù, èyí tí ò gbọ́rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tómi bá gbé e sókè á pa pọ́ńpù, àgbàdo olóko ò bá má rí nǹkan kan. Ìyẹn náà ò sí níbẹ̀. Mo sanwó àgbàdo o.

Modbus yìí, ọdún 1979 ló jáde, iléeṣẹ́ Modicon ló ṣe é, nígbà yẹn wáyà PLC ò jáde kúrò nínú ọgbà iléeṣẹ́. Kò ní páswọ́ọ̀dù, kò béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Ó dà bí ọmọ tí gbogbo agbo ilé ń rán níṣẹ́, ẹni tó bá ní kó lọ, á lọ, ẹni tó bá ní kó bọ̀, á bọ̀. Ìyẹn ò burú nínú agbo ilé. Èmi ni mo fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ dúró sí Post Office. Ẹ má sì rò pé ta ló máa mọ̀ pé a wà lọ́nà Ajàṣẹ́, látọdún 2009 ni Shodan ti wà, John Matherly ló dá a sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa kanlẹ̀kùn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá dáhùn á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wá a á rí i.

Bí mo ṣe dé ibí yìí lẹ́nìkan ti pariwo látẹ̀yìn pé, "Brọ̀dá, ẹ fi páswọ́ọ̀dù sí i kó tán!" Ó da. Lóṣù November 2023, ní Aliquippa, ìlú kan ní Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn kan gba íntánẹ́ẹ̀tì wọ PLC Unitronics tó wà níbi tí wọ́n ti ń fi pọ́ńpù ti omi lọ fáwọn aráàlú. Irú PLC yẹn ní páswọ́ọ̀dù o, nígbà yẹn 1111 ni wọ́n fi ń jáde látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, àwọn tó bá rà á ló yẹ kó pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti padà sí fífọwọ́ ṣiṣẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fi páswọ́ọ̀dù sí nǹkan o, ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè tó ṣáájú páswọ́ọ̀dù wà: kí ni ilẹ̀kùn ń ṣe níbẹ̀ rárá?

Torí ojú ni Alhaji béèrè. Ó fẹ́ rí omi. Ọwọ́ ni mo fún un, mo sì fún gbogbo ayé lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sáàárín PLC àti rọ́ọ́tà, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àlejò ń jókòó sí tí ò ní wọ yàrá. Òun ló ń ka PLC, òun náà ló ń gbé ohun tó kà jáde. Nínú Modbus, àṣẹ nọ́ńbà 3 ni kíkà, 6 àti 16 ni kíkọ, ohun tí mo fi dí àárín òun àti PLC, 3 nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Lápá ìta, kò sí pọ́ọ̀tù kankan tó ṣí. Ẹ̀rọ ló ń pe ìta, ìta ò lè pe ẹ̀rọ. MQTT, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń fi ìròyìn kéékèèké ránṣẹ́, ló fi ń pè é, pọ́ọ̀tù 8883, ọ̀rọ̀ á ti wà nínú àpò TLS, àpò tí ẹni tó wà lójú ọ̀nà ò lè tú kà, kó tó kúrò nílé. Àwọn tó ṣe MQTT lọ́dún 1999, Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper, páìpù epo rọ̀bì ni wọ́n fẹ́ máa ṣọ́ látorí sátẹ́láìtì, data wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Ẹ ò rí i pé wàhálà wa gan-an nìyẹn? Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé síìmù lásán tó. Lórí síìmù lásán, àìmọye èèyàn ló jọ ń lo àdírẹ́ẹ̀sì kan, ará ìta ò lè ṣàdédé kàn ọ́ lára. Èmi ni mo fowó kún owó kí wọ́n lè rí mi.

Iná wá bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Iná á lọ, bátìrì á kú, kọ̀ǹpútà kékeré náà á kú, iná á dé, á jí. Àmọ́ kò ní bátìrì aago nínú, bó bá ṣe jí báyìí, ọjọ́ kìíní oṣù January 1970 ló máa rò pé òun wà. Á wá yẹ ìwé ẹ̀rí TLS wò, ìyẹn ìwé tí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gba ìròyìn wa níta, fi ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni, á rí i pé ọdún tiwa yìí ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á ní ìwé tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé rèé, òun ò sọ̀rọ̀. Fóònù Alhaji á dákẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tá a fi wá a. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ "ṣe é", gbogbo wa pàtẹ́wọ́, àṣé ohun tó ṣe ni pé ó pa àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí yẹn kúrò pátápátá, ẹnikẹ́ni tó bá wá dúró lójú ọ̀nà tó ní òun ni sáfà wa, kọ̀ǹpútà náà á gbà á gbọ́. Mo bá a wí, àmọ́ mi ò bá a wí púpọ̀, ẹ kà á látòkè kẹ́ ẹ mọ ìdí. Aago kékeré oníbátìrì róbótó ló yanjú ẹ̀.

Nǹkan kejì tí ọjọ́ mẹ́ta yẹn kọ́ wa: gbogbo ìgbà tí fóònù fi dákẹ́, 240 ṣì wà lójú ẹ̀, Alhaji rò pé omi wà. Nọ́ńbà ọjọ́ kejì oṣù ni wọ́n ń wò lọ́jọ́ karùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ asìkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fóònù ké tí ẹ̀rọ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dákẹ́.

Tó bá wá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ́nìkan gbọ́dọ̀ tòkèèrè fọwọ́ kàn án ńkọ́, bí àwọn ẹ̀njíníà Èkó tó máa ń ní kẹ́ ẹ fi AnyDesk, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń tòkèèrè lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, sílẹ̀ ní ṣíṣí? Ọjọ́ 23 oṣù December 2015 ní Ukraine, àwọn tó jí páswọ́ọ̀dù gba VPN, ìyẹn ọ̀nà àdáni táwọn òṣìṣẹ́ fi ń tòkèèrè wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì iṣẹ́, wọlé, VPN náà ò béèrè ẹ̀rí kejì, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná jókòó wọ́n ń wo máòsì tó ń rìn fúnra ẹ̀ tó ń pa iná, nǹkan bí 225,000 oníbàárà ló wà lókùnkùn. Àwọn tó lọ fọwọ́ dá a padà níbi ẹ̀rọ ló gba ìlú sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, níléeṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan lápá Ọ̀fà, swíìṣì lásán ni mo fi síná rọ́ọ́tà àwọn ará Èkó. Wọ́n á pe, òṣìṣẹ́ á tan án, wákàtí méjì pé, táímà á pa á. Wọ́n ní mi ò ka àwọn sí. Ká má tiẹ̀ sọ ti Maroochy ní Australia lọ́dún 2000, ẹni tó ti bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ẹ̀gbin rí ló ń fi rédíò pàṣẹ fún pọ́ńpù wọn, tó sì da omi ẹ̀gbin sínú odò, nǹkan bí 800,000 lítà, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá kúrò níṣẹ́ lónìí, lónìí náà ni kẹ́ ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rẹ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, Alhaja kan tó ní cold room l'Ómù-Àrán ló béèrè ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀njíníà, mo gbọ́, n ò ní fọwọ́ kàn án. Tí ẹja mi bá wá ń yọ́ láago méjì òru ńkọ́?" Mo ní, Mà, ọlọ́dẹ yín wà níbẹ̀, ẹ pè é, ọwọ́ tiẹ̀ ni kó fi tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n ní ọlọ́dẹ àwọn kì í gbé fóònù lóru. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Tuesday mo lọ sí Òmù-Àrán, sáírèn kan ni mo gbé lọ, mo so ó mọ́ sẹ́ńsọ̀ ibẹ̀, mo sì kàn án mọ́ ògiri lókè orí bẹ́ẹ̀dì ọlọ́dẹ.