Gúrófà ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ ìdin

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo gúrófà ọwọ́ mi yìí, ó pọ́n dáadáa, òórùn ẹ̀ ti gba gbogbo ilé, ẹ jẹ́ n là á... háà! Ìdin! Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń nà tí wọ́n ń ká. Eṣinṣin kan ló fà á, abo ẹ̀ ní nǹkan bí abẹ́rẹ́ nídìí, ó fi ń gún èèpo, á yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀, á sì fò lọ, kí gúrófà tó rọ̀ ìdin ti ń jẹun nínú ẹ̀.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní gúrófà ilé wa ò dáa. Igi yẹn ò ṣẹ̀, àwa la pa á tì.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Tọ́mọ ẹ̀ bá ṣì tó àtàǹpàkò, tó ṣì le kankan, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e, ẹ so ọrùn ẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ìsàlẹ̀ kómi lè máa jáde, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbẹ̀ Taiwan àti Thailand ń ṣe tiwọn. Èyí tó bá já sílẹ̀, ẹ ṣà á kúrò jọ̀ọ́, torí inú ilẹ̀ abẹ́ igi yẹn nìdin ń wọ̀ lọ táá fi di eṣinṣin padà. Kẹ́ ẹ sì máa gé ẹ̀ka ẹ̀, orí ọ̀mùnú tuntun ló ti ń yọ òdòdó, igi tẹ́nìkan ò gé rí á kàn máa ga lọ sókè ni.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí oòrùn ti ń mú ni wọ́n ti gbé e wá o, àwọn Potogí àti Sípéènì ló gbé e káàkiri. Ní Kúbà, igi gúrófà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀pá tórí ẹ̀ kọ́ tí Ẹlẹ́gbára ń mú dání, Elegguá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ó yá, èyí tí mo wé rèé, ẹ jẹ́ n tú u... ẹ wò ó! Inú ẹ̀ pupa, ó mọ́ tónítóní. Mi ò ní bó o, ibi èèpo yẹn ni fítámì C ẹ̀ pọ̀ sí jù, gíráàmù 100 gúrófà ní nǹkan bíi mílígíráàmù 228, tọsàn ò ju bíi 53 lọ. Ẹ jẹ́ n gé e jẹ.