Ẹ̀yin Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Ẹ Fi Máákà Yẹn Sílẹ̀!

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ wádìí nǹkan, ẹ̀yin ni mo bá wá lónìí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wá òkúta àti okùn, ìyẹn ò le. Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Malcolm Wells, tíṣà físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Arizona, ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe irú tíṣà tó kàn máa ń dúró nídìí bọ́ọ̀dù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe prátíkà dáadáa. Ló bá fún wọn ní ìdánwò tí David Hestenes àti Ibrahim Halloun ṣe ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà. Ìdánwò yẹn ò béèrè fọ́múlà o. Ohun tí ọmọ gbà lọ́kàn rẹ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rìn ló ń béèrè. Èsì rẹ̀ já Wells kulẹ̀ pátápátá. Àwọn ọmọ tó ń ṣe prátíkà!

Ẹ gbọ́ o: KÍKÓ IRINṢẸ́ LÉ ỌMỌ LỌ́WỌ́ NÌKAN Ò TÓ! Mo tún un sọ, kò tó! Ohun tó kù ni pé kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí, kó yà á, kó gbèjà rẹ̀ lójú ẹgbẹ́. Ohun tí Wells àti Hestenes jọ gbé kalẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní Modeling Instruction. Láti 1990 ni wọ́n ti ń fi kọ́ àwọn tíṣà mìíràn. Níbi ẹ̀kọ́ náà, tíṣà fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó bí ọmọléèwé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Òkúta tí a so mókùn, tó ń fì lọ fì bọ̀. Gbogbo ọmọ tó ṣe físíìsì ní WAEC mọ̀ ọ́n. Okùn 100 sẹ̀ǹtímítà, àlọ-àbọ̀ 20: bíi ìṣẹ́jú-àáyá 40. Kí ẹ tó gé okùn náà sí 50, Ẹ NÍ KÍ WỌ́N KỌ OHUN TÍ WỌ́N RÒ SÍLẸ̀. Ọ̀pọ̀ á kọ 20. Ìdajì okùn, ìdajì àkókò, àbí? Wọ́n á kà á: 28. Wọ́n á tún un kà: 28 náà ni. Ẹnì kan á ní fóònù tí wọ́n fi ń ka àkókò ló ń purọ́. Ẹlòmíràn á ní ká so òkúta tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó! 28 ṣì ni, bí wọ́n bá wọn okùn náà dé àárín òkúta.

Ibí gan-an ni. Ibí ni tíṣà ti máa rí i pé ojú àwọn ọmọ ti dàrú, àánú á ṣe é, á já máákà gbà, á kọ fọ́múlà gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù. Ó parí! Ẹ MÁ KỌ Ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́!

Ta ló kọ́ yín ní ayò? Ṣé wọ́n kọ fọ́múlà fún yín? Ẹ jókòó nídìí ọpọ́n, wọ́n jẹ ọmọ yín tán, ẹ tún jókòó lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi àgbà kì í fẹ́ rí òǹwòran tó bá na ọwọ́ sí ọpọ́n pé “ojú ibí ni kó o ta”. Wọ́n á ní kó dìde ńlẹ̀ lọ. Tíṣà tó já máákà gbà ni òǹwòran yẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ mú dání: “Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Ẹ bi àwọn tó gbà á pẹ̀lú o! Bó bá jẹ́ àwọn tó ṣì í nìkan lẹ̀ ń bi, wọn ò ní pẹ́ mọ̀. Ojú yín ni wọ́n á máa wò, wọn ò ní wo okùn mọ́. Bẹ́ ẹ bá sì béèrè tí kíláàsì pa lọ́lọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ má dá ara yín lóhùn.

Mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì, bọ́ọ̀dù funfun kéékèèké tí wọ́n máa ya ohun tí wọ́n rí sí dà? Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ńkọ́? Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán, ya gíráàfù, kọ gbólóhùn kan. Ẹgbẹ́ méjì tí èsì wọn ò bára mu ni kí ẹ pè síwájú, àwọn yòókù á dá sí i.

Nígbà tí wọ́n bá wá gé okùn náà sí 25, tó fún wọn ní 20, ariwo á sọ. Ẹ má tíì dá sí i. Ẹ kàn bi wọ́n: okùn wo ló máa fún wa ní 80? Bí ẹnì kan bá sọ pé mítà mẹ́rin, ẹ bi í bó ṣe mọ̀, kí ẹ fún un lókùn, kó lọ so ó mọ́ irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.