Bí A Ṣe Ń Dá Aràn Pẹlẹbẹ Mọ̀, Ká Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè yín lórí bí a ṣe ń dá aràn pẹlẹbẹ mọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí.

Aràn pẹlẹbẹ tó wà nínú àwo yìí ni Obama nungara. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ti gba ọgbà àwọn ará Yúróòpù kan. Wọ́n rí i ní Guernsey, erékùṣù kan nítòsí Faransé, ní 2008. Ekòló àti ìgbín ló ń jẹ.

Ẹ da omi gbígbóná lé e lójijì, kó má bàa ká jọ. Ẹ gé díẹ̀ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí ògidì) fún DNA, ìyẹn àbùdá rẹ̀, ìyókù di inú fọ́málínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara jẹrà. Ẹ má ki gbogbo rẹ̀ bọ fọ́málínì o! DNA á bàjẹ́.

Ẹ wo ojú rẹ̀: wẹ́wẹ́, ó pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ẹ dà á dojú dé: ẹnu nìyí ní ikùn, ihò ìbímọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọ̀ dá mi lágara! Fọ́tò lásán lẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ sì fẹ́ kí n dárúkọ. Obama marmorata ni wọ́n kọ́kọ́ pe eléyìí ní Yúróòpù, torí wọ́n jọra. Inú ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ rì í sínú ìda, ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tò ó ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹ kùn ún láró. Ẹ wo tèmi: ọ̀kan ò ya! Akọ àti abo ló wà lára aràn kan ṣoṣo. Ẹ̀yà ìbímọ yẹn lẹ máa fi wé ti àwọn tó ti lórúkọ. DNA á wá jẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni Fernando Carbayo, onímọ̀ nípa aràn pẹlẹbẹ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ Obama nungara lórúkọ ní 2016.

Ẹni tó ní ṣé orúkọ Barack Obama, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ni, rárá o. Kì í sì í ṣe ọba tiwa. Èdè Tupi ní Brazil ni: oba ni ewé, ma ni ẹranko. Nungara ni "ó jọ ọ́".

Orúkọ àkọ́kọ́ ló ń gba lẹ́tà ńlá, ìkejì kì í gbà á. Tí ẹ bá rí (Schultze & Müller, 1857), ìyẹn àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ àti ọdún rẹ̀, lẹ́yìn Obama marmorata, àkámọ́ yẹn ń sọ pé wọ́n ti gbé e kúrò ní jẹ́nọ́ọ̀sì (ẹgbẹ́ tí orúkọ àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí) tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa àkámọ́ yẹn rẹ́ ṣáá!

Ẹ yan aràn kan ṣoṣo tí orúkọ náà á so mọ́, ẹ gbé e fún mùsíọ́ọ̀mù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ lébẹ̀lì rẹ̀ o, ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń nu bírò kúrò.