Bí a ṣe ń fi Arduino àti rìléè darí ilẹ̀kùn onímágínẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Òṣogbo la wà, ní ṣọ́ọ̀bù wa lápá Òkè-Fìà níbí, tẹ́ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Iṣẹ́ tòní ni ilẹ̀kùn onímágínẹ́ẹ̀tì, irú èyí tẹ́ẹ máa ń rí láwọn ọ́fíìsì, tẹ́ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó dún "kó", ilẹ̀kùn ti já, ìyẹn ni pé ó ti ṣí. Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tá a ń kọ kóòdù sí, àti rìléè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá tàbí tó fi ń pa á, la máa fi darí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kóòdù ló le níbẹ̀, kóòdù ò le rárá, ọmọ tó ti kọ́ Arduino fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á kọ ọ́. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọ̀nà tí iná ń gbà dé ara mágínẹ́ẹ̀tì, torí pé ẹni tó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ lè jáde kódà tí Arduino bá ti kú fin-ín. Ohun tí màá tẹnu mọ́ jù lónìí nìyẹn.

Ẹ wò ó. Méjì ló pín sí. Èyí tó gùn tó sì wúwo yìí, wáyà tí wọ́n ká jọ ló wà nínú ẹ̀, òun la máa so mọ́ férémù. Irin pẹlẹbẹ yìí, òun la máa so mọ́ ilẹ̀kùn. Tíná bá wọ inú wáyà yẹn á di òòfà, á gbá irin mú pin-pin. 280 kg ni wọ́n kọ sára èyí, iná 12V ló ń lò, ó sì ń jẹ nǹkan bíi 500 mA, ìyẹn ìdajì amp, ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títì. Tẹ́ẹ bá fọwọ́ kàn án tó gbóná díẹ̀, kò sí wàhálà, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò ní síprínì, kò ní ahọ́n tó ń wọlé tó ń jáde, ìdí tí kì í fi í tètè bàjẹ́ nìyẹn. Àmọ́ tíná bá lọ, ó ti tú nìyẹn. Ìyẹn dáa gan-an tí nǹkan bá ń jó nínú ilé, gbogbo èèyàn á ráyè sá jáde, kò wá dáa tólè bá ti mọ̀ pé wọ́n máa ń mú iná lọ láago méjì òru. Torí náà kọ́sítọ́mà tó bá ní kí n fi mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ti ṣọ́ọ̀bù òun sílé sùn, mi ò kí ń gbà fún un, kó fi àgádágodo ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì wà fún ọ̀sán, fún wọlé-jáde.

Ká gbé e kọ́ báyìí. Inú ilé ni mágínẹ́ẹ̀tì máa wà o, kì í ṣe ìta, wáyà ẹ̀ náà ò gbọ́dọ̀ yọ síta. Tí ilẹ̀kùn yín bá ń ṣí sínú, ẹ máa nílò bírákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ZL, ẹ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ta mágínẹ́ẹ̀tì fún yín. Wò ó, sún kámẹ́rà mọ́bí, jẹ́ kí wọ́n rí rọ́bà yìí. Rọ́bà kékeré yìí máa wà láàárín irin pẹlẹbẹ àti ilẹ̀kùn, síkúrù àárín ò sì gbọ́dọ̀ fún jù, irin yẹn gbọ́dọ̀ lè mì díẹ̀. Àwọn wẹ́dà wa àtàwọn àlúmakò, wọn ò fẹ́ gbọ́ èyí rárá, wọ́n á fún un títí irin ò ní lè mì mọ́. Tí kò bá lè mì, kò ní lè tẹ́ mọ́ ojú mágínẹ́ẹ̀tì dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan á kàn, ẹ̀gbẹ́ kejì á là, ibi tó là yẹn, kó kéré bí bébà báyìí, agbára á ti dín kù púpọ̀. Mo máa ń fi bébà dán an wò, màá ti ilẹ̀kùn mọ́ bébà, màá fà á lápá òsì, màá fà á lápá ọ̀tún, tó bá yọ lápá kan á jẹ́ pé ibẹ̀ ò tẹ́. Eruku náà ń ṣe é, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú méjèèjì, ẹ má sì kun ún lọ́dà.

Ó yá, iná. Páwà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di 12V, 3A ni mo ń lò, èyí tó ní ojú tí wọ́n ń so bátìrì mọ́, tíná bá wà á máa ṣáájì bátìrì, tíná bá lọ bátìrì á gbà á, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Bátìrì 12V 7Ah yìí, tẹ́ẹ bá fi 7 pín sí ìdajì amp, wákàtí 14 ló máa fún yín lórí ìwé, ẹ yọ ti Arduino àti rìléè kúrò, ẹ tún rántí pé irú bátìrì yìí, tẹ́ẹ bá ń jẹ ẹ́ gbẹ, ó máa tètè kú, torí náà wákàtí bíi méje mẹ́jọ ni kẹ́ẹ bá kọ́sítọ́mà sọ. Tí ọ̀gá bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó ra bátìrì ńlá.

Ẹ má fún Arduino ní 12V yẹn tààrà. Ó lè gbà á lóòótọ́, àmọ́ nǹkan kékeré tó ń sọ ọ́ di 5V lórí bọ́ọ̀dù á máa gbóná tọ̀sán tòru. Ẹ ra LM2596, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ 12V di 5V yìí, kẹ́ẹ fi sikurudíráfà yí i títí mítà á fi ka 5V gééré KẸ́Ẹ TÓ so Arduino mọ́ ọn. Mítà ṣáájú, Arduino lẹ́yìn.

Rìléè. Kí nìdí tá a fi nílò ẹ̀? Ojú kan (pin) lára Arduino Uno ò gbọ́dọ̀ ju 40 mA lọ, 20 ló tiẹ̀ dáa kéèyàn lò, mágínẹ́ẹ̀tì sì ń jẹ 500. Rìléè gan-an fúnra ẹ̀ ń jẹ bíi 70, ìdí nìyẹn tá a fi ń ra èyí tó wà lórí bọ́ọ̀dù, tó ti ní tránsístọ̀ tiẹ̀, kì í ṣe rìléè lásán. Lápá kan ẹ máa rí VCC (ibi tíná ń gbà wọlé), GND (ojú òdì), IN (ibi tí Arduino ti ń pàṣẹ fún un). Lápá kejì, COM (ojú àárín), NO, NC. NC ni ojú tó máa ń so mọ́ COM nígbà tí rìléè ń sinmi. NO, ìgbà tí rìléè bá ṣiṣẹ́ ló tó so.

Èwo la máa lò? Àwọn kan máa ń lo NO, rìléè á wá máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà kí ilẹ̀kùn lè wà ní títì, tí Arduino bá kàn tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀kùn ti já. Èmi NC ni mo ń lò. Rìléè ń sinmi, ilẹ̀kùn wà ní títì, ìgbà tá a bá fẹ́ ṣí i nìkan ni rìléè á ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á bi mí pé tí Arduino bá wá gan ńkọ́, ṣebí ilẹ̀kùn ò ní ṣí mọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn ẹ̀ sì ni bọ́tìnnì pàjáwìrì tó wà lọ́wọ́ mi yìí.

Ẹ máa fọkàn bá mi lọ. Wáyà pupa láti ojú 12V, kò ní lọ sí rìléè tààrà o, bọ́tìnnì pàjáwìrì ló máa kọ́kọ́ gbà kọjá, lójú tó máa ń so pọ̀ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́, tó máa ń já tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Láti bọ́tìnnì yẹn ló tó lọ sí COM. Láti NC, ó lọ sí wáyà pupa mágínẹ́ẹ̀tì. Wáyà dúdú mágínẹ́ẹ̀tì padà sí ojú òdì lára páwà. Ó tán. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, iná já lójú ọ̀nà, kò bi Arduino léèrè, kò bi kóòdù léèrè, kódà tí rìléè bá ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú, ilẹ̀kùn á ṣí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti so bọ́tìnnì pàjáwìrì mọ́ Arduino tí wọ́n wá kọ kóòdù fún un. Ìyẹn kì í ṣe bọ́tìnnì pàjáwìrì, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ Arduino.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà yín níyànjú pé kẹ́ẹ fi rìléè já iná 220V tó ń lọ sínú páwà. Yàtọ̀ sí pé ó léwu, iná á ṣì kù nínú kápásítọ̀ páwà, ilẹ̀kùn ò ní tètè já, bátìrì tá a so mọ́ ọn ò sì ní jẹ́ kó já rárá.

Dáyódù, nǹkan kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ má gbàgbé ẹ̀. 1N4007 tó. Tẹ́ẹ bá já iná lára wáyà tí wọ́n ká jọ, iná inú ẹ̀ kì í fẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, á ta padà pẹ̀lú fóótì (V) tó ga gan-an, òun ló ń jẹ ẹnu rìléè, òun ló sì ń jẹ́ kí Arduino tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ so dáyódù náà sẹ́nu mágínẹ́ẹ̀tì gan-an, ìlà fàdákà ara ẹ̀ kọjú sí wáyà pupa. Tẹ́ẹ bá yí i padà, ẹ ti so iná pọ̀ mọ́ra wọn nìyẹn, páwà á pariwo tàbí kí dáyódù jóná. Ó lè mú kí ilẹ̀kùn fi díẹ̀ pẹ́ kó tó já, mi ò ka ìyẹn sí. Àwọn mágínẹ́ẹ̀tì kan ti ní nǹkan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú, ẹ wo bébà tó bá a wá.

Ti Arduino rọrùn. IN rìléè sí pin 7, VCC sí 5V, GND sí GND. Bọ́tìnnì ìjáde, ẹsẹ̀ kan sí pin 2, ẹsẹ̀ kejì sí GND. Tẹ́ẹ bá fẹ́ lo keypad, ìyẹn pátákó nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀, níta, keypad nìkan ni kó wà níta, Arduino àti rìléè inú ilé, wáyà bọ́tìnnì ìjáde ò sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn keypad kọjá, torí ẹni tó bá tú keypad yẹn, á kàn fi wáyà méjì kan ara wọn ni, ó ti wọlé.

Ẹ wo kọ̀ǹpútà báyìí. Rìléè tiwa yìí, LOW ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, HIGH ló ń jẹ́ kó sinmi. Torí náà nínú setup, ìyẹn apá kóòdù tí Arduino kọ́kọ́ ń ṣe tó bá jí, ẹ kọ digitalWrite(7, HIGH) kẹ́ẹ tó kọ pinMode(7, OUTPUT), tẹ́ẹ bá fi ti ẹ̀yìn síwájú, rìléè á ta gbì lẹ́ẹ̀kan nígbà tí Arduino bá ń jí, ilẹ̀kùn á já. Bọ́tìnnì, pinMode(2, INPUT_PULLUP). Nínú loop, ìyẹn apá tó ń ṣe léraléra, tí digitalRead(2) bá jẹ́ LOW, ìyẹn tẹ́nì kan bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ kọ LOW sí 7, kẹ́ẹ fi millis(), aago inú Arduino, sínú ibere, unsigned long ni ibere yẹn o, kì í ṣe int. Tí millis() - ibere bá ti tó 5000, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ dá 7 padà sí HIGH. Ẹ má lo delay(5000), torí fún gbogbo ìgbà yẹn Arduino ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ sì kọ ọ́ ní ìyọkúrò bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, torí millis máa ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́, ìyọkúrò ò ní ṣìnà.

Ẹ wo wáyà tẹ́ẹ máa fà. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó tín-ín-rín yẹn, tó bá jìn tó mítà ogún, àlọ àtàbọ̀, ó lè jẹ tó fóótì kan àtààbọ̀ nínú 12V yín, mágínẹ́ẹ̀tì ò ní lágbára tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́nu mágínẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́nu páwà.

Ká dán an wò. Mo tẹ bọ́tìnnì ìjáde, ẹ gbọ́ ọ, kó, ó ṣí, lẹ́yìn àáyá márùn-ún ó tún ti. Ó dáa. Mo yọ iná ńlá, bátìrì gbà á, ó ṣì wà ní títì. Ó kù kan: mo yọ Arduino kúrò pátápátá, bọ́ọ̀dù náà wà lọ́wọ́ mi, ẹ rí i, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Mo tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì… ó ṣí. Ìgbà yìí ni mo tó máa ń dé àpótí, kí n tó gba owó tó kù.

Mo mọ̀ pé wọ́n máa béèrè ESP32, bọ́ọ̀dù míì tó jọ Arduino. Ó ṣeé lò, àmọ́ 3.3V ni ojú ẹ̀ ń gbé jáde, rìléè 5V kan lè má sinmi dáadáa pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ ra bọ́ọ̀dù rìléè tó ní jọ́ńpà JD-VCC, ìyẹn ìdérí kékeré tó so VCC àti JD-VCC pọ̀, ẹ yọ jọ́ńpà náà, ẹ fún JD-VCC ní 5V, ẹ fún VCC ní 3.3V. Ẹ sì yàgò fún GPIO, ìyẹn ojú ara ESP32, 0, 2, 12 àti 15 fún rìléè, wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà tó bá ń jí.